Gílóòbù Tí Mo Jù Sómi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kékeré tó ti tó sá kúrò nílé ìwé àmọ́ tí kò tíì tó gbọ́n, mo pe ara mi ní ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Araromi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi wo ọwọ́ ẹnì kan ní Igbókòdá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tó.

Àbúrò bàbá mi ra rédíò òyìnbó kan tí wọ́n ti lò. Ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Bọ́mà, wọ́n sì ní ogun náà ti fẹ́ parí. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ò ju ìyẹn lọ. Rédíò yìí kì í sọ̀rọ̀ síta, wọ́n ń fi nǹkan méjì bo etí méjèèjì ni. Àwa méjì pín in, ó mú ọ̀kan, mo mú ọ̀kan.

Ṣààà! Ariwo ṣáá ni. Gílóòbù méjì, irú èyí tó ń mú rédíò àtijọ́ sọ̀rọ̀, ló bá ihò kan mu nínú rẹ̀. Mo fi àkọ́kọ́ sí i, ṣààà. Inú rẹ̀ dúdú bíi gíláàsì àtùpà tí èéfín bò. Mo fi ìkejì sí i, ṣààà. Ohùn tiẹ̀ há díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ ń dán. Bátìrì kékeré kan tún wà tó ní ihò wẹ́wẹ́. Tí wáyà bá wọ ihò tó yẹ, ohùn á mọ́. Mo ki wáyà, mo yọ ọ́, láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe àbí o ò mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Bàbá, gílóòbù dúdú yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́!"

Inú bí mi, mo jù ú sómi.

Ìyàwó bàbá náà tó ń yan ẹja dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí mi kejì tó ṣí sílẹ̀. Ariwo dákẹ́. Òkun ni mo ti ń gbọ́ láti àárọ̀! Òkun tí wọ́n bí mi sí ẹ̀bá rẹ̀!

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," ó ní, "èwo lo wá jù nù?"

Èyí tó dáa ni. Nígbà tí àsìkò ìròyìn tó, èyí tó ń dán wúkọ́ bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, ó bá kú.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá yìí ń ti ọjà Igbókòdá bọ̀. Ọkọ̀ ò tíì gúnlẹ̀ tó ti fò sómi, tó ń ké: "Ogun ti parí! Ọmọ mi ń bọ̀!" Gbogbo Araromi ló gbọ́. Àwa tá a ní rédíò la gbọ́ kẹ́yìn. Inú ilé la wà, à ń ki wáyà bọ ihò.

Lóde òní, ẹ̀yin ọmọ, ìròyìn ti ń dé ọwọ́ yín kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n ò tíì rí ẹni tó fò sómi nítorí ohun tó rí nínú fóònù.