Ìyá Kàlẹ́ńdà àti Àgbà Pèpéle

Ìyá Kàlẹ́ńdà ni àwọn wẹ́dà ń pè é. Bẹ́ẹ̀, kò bímọ, kò sì fojú kan ìdajì àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ náà rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣètò àtúnṣe àwọn pèpéle irin ńláńlá tí wọ́n gbé dúró sójú òkun láti máa fa epo. Gbogbo wọn ló ti darúgbó, iyọ̀ òkun kì í sì í bá irin ṣeré. Òun ló ń sọ ìgbà tí àwọn òmùwẹ̀ yóò lọ yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lábẹ́ omi, ìgbà tí wẹ́dà yóò lọ jó irin pọ̀, àti ẹni tí kò ní lè lọ sílé torí pé ìjì ń bọ̀. Ẹni tí kò bá rílé lọ á sì máa bú u.

Ó mọ èyí tó dàgbà jù nínú àwọn pèpéle náà bí ẹni mowó: ibi tó ti dóògún, àtẹ̀gùn tó ń mì. Ṣùgbọ́n kò débẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ló fà á. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá náà dùbúlẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nílé tí yóò máa yí i lórí ibùsùn. Bí ọ̀gá bá ní kó bá wọn lọ, á ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò lè sùn síta." Nígbà tó yá, wọn ò pè é mọ́.

Ìyá wá kú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní, "Àǹtí mi, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Kí lẹ fẹ́ dá máa ṣe nínú ilé yẹn?"

"Màá máa sinmi."

Kò mọ ìsinmi í ṣe. Ó ṣì ń sáré kúrò ní ọ́fíìsì bí ẹni tí wọ́n ń retí. Á ṣílẹ̀kùn, á ní, "Màámi, mo ti dé o," kó tó rántí pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi pinnu pé àgbà pèpéle náà ti kọjá àtúnṣe. Wọ́n ní kó ṣètò bí wọn yóò ṣe tú u.

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ wò ó, sà."

Ọ̀gá wò ó. "Ṣé ẹ lè sùn síta báyìí?"

"Mo lè sùn síta."

Hẹlikọ́pítà gbé e lọ. Olórí àwọn wẹ́dà, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ló wá pàdé rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin gan-an ni Ìyá Kàlẹ́ńdà? Mo rò pé arúgbó ni yín."

"Mo ti ń débẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró síbí nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí wa."

"Mo rántí. Ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ pèpéle yìí ti sán, ìjì sì ti dé tán."

"Mo bú yín dáadáa."

"Ó tọ́ sí mi."

Wọ́n jọ fọwọ́ lé irin etí pèpéle, wọ́n ń wo omi. Nígbà oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Kò sẹ́ni tó bi í ní tirẹ̀.

Ó padà, ó ṣe ètò títú náà láìku ibì kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tó kẹ́yìn lára pèpéle náà, àwọn ará ọ́fíìsì ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ó gbé fóònù, kò kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò pè. Ó pe olórí wẹ́dà.

"Wọ́n ti gé e tán."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kí i bẹ́ẹ̀, omi kò bọ́ lójú rẹ̀. Èyí ló pa á lẹ́kún.