Iye Tí Merle Ò Tíì Kọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ardis Kjelstad, kó wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àánú ìjọ wa, níbi tá a ti ń ta ẹrù àlòkù táwọn èèyàn fi tọrẹ, lọ́jọ́ tí ọdún bá ń parí. Ọkọ̀ á tò nínú yìnyín títí dé ojú títì, tàwọn ti ẹrù àlòkù: àga, abọ́, aṣọ òtútù. Kí ọdún tó yí ni wọ́n fẹ́ fi í tọrẹ, kí ìjọba lè yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó-orí lé lórí. Ardis á gba ẹrù, á kọ ìwé ẹ̀rí fún wọn. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni. Láti ìgbà tí mo ti dé Minnesota ní Amẹ́ríkà lèmi ti ń bá a to ẹrù. Ẹnu tèmi kì í sinmi, òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ohun kan ni kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́ lórí ẹ̀: ohun tó bá ti bàjẹ́, kò ní kọ ìwé fún un. Ìjọba ò ka pàǹtí sí ọrẹ. Bó bá jẹ́ iná, á tàn án wò. Bó bá jẹ́ aago, á gbé e sétí.

Lọ́dún kan, Merle Haugen, ọmọ ìjọ wa, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Lorraine ìyàwó rẹ̀ wá. Láti ìgbà ìkórè ni Lorraine ti kú, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé Merle ò tíì lè gbé ṣíbí rẹ̀ kan jáde nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún un títí pé kó kó wọn jáde, ó sú u. Merle gbé ẹ̀rọ náà ka tábìlì, kò gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ owó-orí ló gbé mi wá o,” ló wí, a ò tíì kí i. “Ẹ má rò pé nǹkan míì ni.”

“Ta ló bi ẹ́ léèrè?” ni Ardis dá a lóhùn. “Ṣé ọwọ́ ẹ náà wà lára ọrẹ ni?”

Mo mọ̀ pé irọ́ ni Merle ń pa. Owó ìfẹ̀yìntì táṣẹ́rẹ́ ni Merle ń gbà, ohun tí ìjọba sì ń yọ fún irú wọn láìbéèrè ìwé ẹ̀rí kankan ti ju gbogbo ọrẹ tó lè kó wá lọ. Ìwé Ardis ò lè dín sẹ́ǹtì kan kù nínú owó-orí rẹ̀. Mo lanu láti sọ ọ́, kó lè gbé nǹkan ìyàwó rẹ̀ padà sílé. Ardis fi bàtà òtútù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó tẹ̀ mí dáadáa.

Ó ki wáyà ẹ̀rọ náà bọ iná. Òwú pupa Lorraine ṣì wà lójú abẹ́rẹ́. Ardis fi àkísà kan sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ lásán ni, ṣùgbọ́n mo wojú Merle, ó yé mi. Gbogbo ọjọ́ ayé òun àti Lorraine ló ti ń gbọ́ ohùn yẹn láti yàrá kejì, tó bá ń mu kọfí rẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fọn fèrè. Ardis ò gbójú sókè. Ó rán an dé etí àkísà, ó yí i, ó tún rán an padà. Fèrè dákẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tí à ń dán wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, Ardis náà sì mọ̀. Ìgbà tí Merle fúnra ẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò lára ẹ̀rọ náà ló tó dúró.

“Ó ń ṣiṣẹ́,” ni Ardis wí.

“Lorraine kì í jẹ́ kí epo gbẹ lára ẹ̀. Kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

Ó kọ ọ́. Merle wo ìwé náà. “O ò kọ iye sí i.”

“Èmi kọ́ ló ń kọ ìyẹn. Ẹni tó lẹrù ló ń kọ ọ́, iye tẹ́ni tó fẹ́ rà á lálòkù lè san.”

“Èló wá ni kí n kọ?”

“Lọ rò ó nílé. O ti dí ọ̀nà.”

Merle ká ìwé náà sápò àyà, ó wakọ̀ lọ.

“Ẹ mọ̀ pé ìwé yẹn ò wúlò fún wọn,” ni mo wí.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Merle ò lè sọ pé òun ń bọ̀ wá sunkún. Ó lè sọ pé òun ń bọ̀ wá gbàwé.”

Mo wo ọkọ̀ tó tò sílẹ̀ nínú yìnyín, ẹ̀rù bà mí díẹ̀: mi ò mọ èyí tó ń bọ̀ wá sunkún nínú wọn. Mo lọ bá ẹni tó kàn gbé ẹrù tiẹ̀ wọlé.

Oṣù kẹrin dé, tí gbogbo èèyàn ń fi ìwé owó-orí ránṣẹ́ síjọba, kò sí ọ̀rọ̀ míì nílùú ju owó-orí lọ. Lẹ́yìn ìsìn, nídìí kọfí, mo bi Merle bó ṣe ṣe tiẹ̀. Ó yọ ìwé náà lápò àyà. Ó ti rọ̀ bí aṣọ. Ojú ibi tí wọ́n ń kọ iye sí ṣófo.

“Mo ṣì ń rò ó,” ló wí.