Awẹ́ Ilẹ̀ Kan Náà

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ mi, èmi àti bàbá mi nìkan là ń gbé yàrá kan ní New Haven, ní Enugu. Káfíńtà ni bàbá mi, Artisan Market ló ti ń ṣiṣẹ́. Màmá mi, tó jẹ́ télọ̀, ti lọ sí Ọ̀fà láti tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àìsàn dá gúnlẹ̀. Ó ní òun ò ní pẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí "mi ò ní pẹ́" àwọn àgbà ṣe máa ń gùn tó. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ògiri ni mò ń kí. Yorùbá gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í le lẹ́nu mi, torí Ìgbò àti píjìn là ń sọ lóde, bàbá mi kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀ púpọ̀.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ wa sọ fún wa pé ilẹ̀ tí a dúró lé kì í ṣe odindi. Ó ní awẹ́ awẹ́ ló wà bí obì, awẹ́ tó tóbi débi pé òkun àti orílẹ̀-èdè wà lórí rẹ̀. Wọ́n jókòó lórí òkúta gbígbóná tó ń rọra yí nísàlẹ̀, bí awọ tó máa ń dì sójú ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ń rìn, ṣùgbọ́n ìrìn wọn ò yá ju bí èékánná ṣe ń hù lọ. Níbi tí méjì bá ti ń kúrò lára ara wọn, òkúta yíyọ́ á ru sókè dí àlàfo náà, òkun á sì máa fẹ̀ sí i. Níbi tí méjì bá ti forí sọra, òkè ńlá á yọ, tàbí kí ọ̀kan rì sábẹ́ èkejì. Níbi tí wọ́n bá ti ń ha ara wọn kọjá, wọ́n lè há, ọjọ́ tí wọ́n bá já ni ilẹ̀ á mì tìtì.

Ẹnì kan bèèrè bóyá irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ló gbé òkè Údì tó wà lẹ́yìn ìlú wa sókè. Olùkọ́ ní rárá, òjò àti àgbàrá ló gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi wá bèèrè tèmi: ṣé Enugu àti Ọ̀fà ń jìnnà síra wọn? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àfi olùkọ́.

Ó ní, "Awẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Ibi tí ọ̀kan bá ń lọ ni èkejì ń lọ."

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́, dírẹ́bà kan gbé aṣọ tí màmá mi rán fún mi dé láti Ọ̀fà. Aṣọ náà ò kọjá èjìká mi. Ọmọ tó fi sílẹ̀ lọ́jọ́sí ló gé e fún. Bàbá mi fà á títí, ó ní bóyá ṣe ló sún kì. Mo sunkún, mo ní màmá mi ti gbàgbé mi. Bàbá mi mú okùn tó fi ń fa ìlà sára pákó, ó fi wọ̀n mí láti èjìká dé orúnkún, ó ta á ní kókó, ó sì fi rán dírẹ́bà náà sí màmá mi.

Kí màmá mi tó rí ẹni dúró ti ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó ti ń di àmọ́dún. Òun fúnra rẹ̀ ló mú okùn náà bọ̀. Kò tiẹ̀ tíì jókòó tó fi nà án lé mi lára. Ó ti kúrú.

"Mo ti pẹ́ jù," ló wí, ó sì ń nu ojú.

Ó rán aṣọ mìíràn lójú mi, ó sì ká etí rẹ̀ sínú dáadáa. Ó ní kí bàbá mi máa tú u bí mo bá ṣe ń ga, torí ìyá òun ò tíì lè dìde, òun gbọ́dọ̀ padà.

Lónìí, ẹ̀ ń rí ojú ìyá yín lórí fóònù, bó tiẹ̀ wà lókè òkun. Ó ń rí i bí eyín yín ṣe ń yọ àti bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń gùn. Mo máa ń jowú yín, mi ò purọ́. Nígbà tiwa, bàbá mi ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ, tí á máa tú etí aṣọ yẹn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí ohun tó kù láti tú mọ́. Títí dìgbà náà, màmá mi ò tíì dé.