Èwo Ni Ìkẹ́yìn Nínú Mọ́tò Bàbá Adéyanjú?

Ìtàn Bàbá Adéyanjú pọ̀ ní Sabon Gari, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ ṣáájú ni ti Sátidé tí mọ́tò eré méjì dojú kọ ara wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá France Road, tí imú ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú èkejì. Alhaja Salmah, ọmọ Ọ̀fà tó ń ta aṣọ ní ọjà Kantin Kwari, ló wà nínú ọ̀kan. Madam Rosaline, ìyá ìjọ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ló wà nínú èkejì. Àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mọ́tò náà sì lọ sílẹ̀ débi pé ńṣe lèèyàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ kó tó lè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ìjà ò lè tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn èrò ní láti kọ́kọ́ fa àwọn oníjà jáde.

"Tèmi ni ìkẹ́yìn!" Alhaja ló sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì lọ́wọ́.

"Irọ́ ni! Tèmi ni ìkẹ́yìn!" Madam Rosaline dáhùn, pẹ̀lú páálí ìṣáná lọ́wọ́ tirẹ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Wẹ́dà ni Bàbá Adéyanjú, panẹbítà sì tún ni. Orí fóònù ló ti rí àwọn òyìnbó tó ń ṣe mọ́tò eré fún àwọn olówó, tí wọ́n á ní ìwọ̀nba péré làwọn máa ṣe, àwọn á sì tilẹ̀kùn. Ó ní òun náà á ṣe tòun, márùn-ún péré. Ó gbẹ́ igi ńlá kan bí ara mọ́tò, ó ń lu páànù mọ́ ọn lára títí tí páànù á fi gba ìrísí rẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnnì Toyota àlòkù sẹ́yìn, ó ṣe ilẹ̀kùn tó ń ṣí sókè bí apá ẹyẹ. Ẹni tó bá ṣírò páànù, ọ̀dà àti ọjọ́ iṣẹ́ yóò rí i pé Bàbá ìbá jèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó ń ta omi tútù.

Iná wẹ́dà ló wá ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní bí kò bá dáwọ́ dúró, ojú á lọ pátápátá. Matilda aya rẹ̀ fà á lọ sílé ìjọsìn, Bàbá sì jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ pé lọ́jọ́ tí mọ́tò márùn-ún bá pé, wọ́n á sun igi náà, ẹni tó bá ni ìkẹ́yìn ni yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ tiná bọ̀ ọ́, kí iyì iṣẹ́ náà lè jẹ́ tirẹ̀. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ tán, ó délé, ó ronú sí i. Bí igi yẹn bá jó, iṣẹ́ tán nìyẹn. Kò ní í kù ju kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa ka kẹ̀kẹ́ adaidaita ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kọjá.

Mọ́tò karùn-ún ti pé báyìí, igi ti wà níta, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti dé.

"Nọ́ńbà karùn-ún ló wà lára tèmi," ni Madam Rosaline wí. "Nínú márùn-ún, èwo ló tún kù lẹ́yìn ìkarùn-ún?"

"Òótọ́ ni!" ni àwọn ará France Road pariwo.

"Alhaja, yá mi ní kẹrosíìnì yẹn," ni Madam Rosaline ké.

"Kí n wá fi kẹrosíìnì ara mi sun ẹ̀tọ́ ara mi? Allah ya kiyaye! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Bàbá Adéyanjú fara ti igi rẹ̀, ó wọ awò dúdú. Ó wá rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀: "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ti Rosaline jáde, ti Alhaja ò tíì nílẹ̀kùn, kò tíì lọ́dà. Ọ̀dà tó fẹ́ ló pẹ́ kó tó dé."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Alhaja fò sókè. "Tèmi ló jáde kẹ́yìn!" Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó ti da kẹrosíìnì sára igi. "Ìṣáná dà?"

Madam Rosaline ti ki ìṣáná bọ àyà. "Ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ kó wá mú un."

Ojú Bàbá ń wo igi tó tutù fún kẹrosíìnì. Ó yára fi kún un: "Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti Alhaja ti wà níjókòó kí n tó ra ti Rosaline." Ni ọ̀rọ̀ bá tún dojú rú. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé gbogbo ìgbà tí ìjà bá fẹ́ parí ni Bàbá ń rí ọ̀rọ̀ fi kún un. Ọ̀kan ní kẹrosíìnì, ọ̀kan ní ìṣáná. Bí wọ́n bá rẹ́ pẹ́nrẹ́n, igi jóná.

Ṣùgbọ́n eré ti ń kúrò lọ́rọ̀ náà. Àwọn alábàárù tó bá Alhaja wá láti Kantin Kwari ti bọ́ ẹ̀wù sọ́wọ́. Àwọn tó ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Madam Rosaline ti mú irin. Ọ̀nà ti dí, ẹnìkan ní, "Who born dem well make dem touch Madam!", ẹnìkan sì dá a lóhùn pẹ̀lú òkò. Òkò náà ba gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ó fọ́ ọ túútúú.

Àsìkò yẹn ni Wòlíì Seth, tó ń darí ìjọ tí Bàbá ti jẹ́jẹ̀ẹ́, dé, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì. Ó béèrè pé, "Ṣé igi kan náà ni wọ́n ti lu méjèèjì?"

"Igi kan náà ni, Wòlíì," ni Bàbá dáhùn.

"Wọ́n jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Wọ́n jọ wà níbẹ̀."

"Inú kan náà ni wọ́n ti wá, ìbejì ni wọ́n. Táyé ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé ló sì rán an. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, Táyé làbúrò. Ti Madam ló kọ́kọ́ jáde, òun làbúrò. Àbúrò ni ìkẹ́yìn."

Alhaja la ẹnu. "Wòlíì, ẹni tó ṣáájú ló wá di ìkẹ́yìn?"

"Àwọn baba yín l'Ọ́fà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Alhaja mi orí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Madam Rosaline yọ ìṣáná, ó ṣá a, igi ìṣáná kán. Ó ṣá òmíràn, ó gbaná. Ó gbẹ́sẹ̀ kan síwájú. Bàbá Adéyanjú bọ́ awò rẹ̀.

"Wòlíì," ni ó wí, "ṣé ìbejì ni wọ́n dájúdájú?"

"Ìbejì ni."

"Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Ta ló ń tẹ̀lé ìbejì?"

"Ìdòwú!" Àwọn ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Ẹni tó bá wá bí ìbejì tí kò bí Ìdòwú ńkọ́? Ṣebí wọ́n ní orí rẹ̀ á dàrú? Ṣé ẹ fẹ́ kí orí tèmi dàrú ni?"

Matilda dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Bàbá Adéyanjú, apá ibo ló kù níbẹ̀ tí kò tíì dàrú?"

Iná jó Madam Rosaline lọ́wọ́, ó kígbe, ó ju ìṣáná sí gọ́tà. Alhaja ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì di Rosaline mú kó má bàa ṣubú. Báyìí ni igi ṣe bọ́. Matilda yọ̀ǹda Ìdòwú kan ṣoṣo, ìyẹn mọ́tò kẹfà, wẹ́dà mìíràn ni yóò sì máa jó irin. Kí Bàbá máa lu páànù nìkan.

Kì í ṣe pé ìrìn àwọn mọ́tò yẹn kò ní ìtìjú tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣáájú ìjà yẹn, bí Bàbá ṣe ń dán ọ̀kan wò lápá Bompai, ọlọ́pàá dá a dúró. Ó ní kó ṣí búùtù. Bàbá ní iwájú ni búùtù wà. Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bàbá ní ẹ̀yìn ló wà. Ọlọ́pàá yí mọ́tò náà ká, ó fi ọwọ́ gbá iwájú orí. "To, Baba, zuwa kake ko komawa?" Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ńṣe ni Bàbá ń bọ̀ àbí ó ń padà lọ.

Ní ti Ìdòwú, kò yá. Bàbá á lu páànù lónìí, á tú u lọ́la, á ní èjìká rẹ̀ kò dọ́gba. Owó páànù tó ṣòfò lórí Ìdòwú tó ra Toyota tó ń rìn dáadáa. Nígbà tí Alhaja béèrè ìgbà tó máa dé, Bàbá bi í pé, "Alhaja, ṣé wọ́n máa ń lé oyún léré ni?"

Bàbá kú lójú oorun nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, Alhaja àti Madam Rosaline wá bá Matilda, àwọn mẹ́ta sì wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìdòwú wà lórí igi, páànù apá kan péré ló ní.

"Rosa," ni Alhaja wí, "ọ̀rọ̀ ti parí. Tìrẹ ni ìkẹ́yìn. Mo gbà fún ọ."

Madam Rosaline sún sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Olúwa má jẹ̀ẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ni. Ìwọ lo gba tìrẹ kẹ́yìn."

"Nọ́ńbà wà lára tìrẹ!"

"Nọ́ńbà ò sọ nǹkan kan! Èmi ti ń wa tèmi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀dà tìrẹ tó gbẹ."

"Wòlíì dá a, ó ní tìrẹ ni!"

"Ìgbà wo ni ìwọ Alhaja di ọmọ ìjọ Wòlíì?"

Ohùn ròkè, àwọn aládùúgbò ń yọjú. Èyí tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ para wọn lọ́jọ́ kìíní ni olúkúlùkù ń tì kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbà pé tòun ni ìkẹ́yìn ti gbà pé ọwọ́ Bàbá ò ní lu páànù mọ́. Nígbà tó yá, Alhaja jókòó lórí táyà, ó rẹ̀ ẹ́. Ó nu ojú. "Ó dáa. Kí àríyànjiyàn lè tán, mo gbà. Tèmi ni ìkẹ́…"

Matilda di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Alhaja mi, ẹ dákun, ẹ má tíì gbà. Madam, ẹ̀yin náà, ẹ má gbà. Ẹ lọ jẹun, ẹ lọ sùn. Tó bá di ọ̀la, ẹ padà wá síbí, ẹ wá tún ja ìjà náà fún mi."