Ẹ̀kọ Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ológbò

Ọjọ́ tí ológbò wa fò tí kò bá ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ fura. Fèrèsé ilé ìdáná wa kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ọdún mẹ́rin ló ti ń fò ó láràárọ̀, a kì í tilẹ̀ rí i pé ó ṣe wàhálà kankan. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbá ògiri ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, ó sì ṣubú. Ó dìde, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ọwọ́ ra ojú fèrèsé, mo rò pé epo ló dà síbẹ̀ tó ń yọ̀. Kò sí epo.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń wo nǹkan dáadáa. Bí mo bá sún àwo rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, ibi tí àwo wà tẹ́lẹ̀ ló máa lọ. Alángbá kọjá níwájú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, etí ló yí sí i, kò yí ojú. Ẹyinjú rẹ̀ sì là sílẹ̀ nínú oòrùn bí ìgbà tí ológbò bá wà nínú òkùnkùn.

Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Àwa mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù nínú ilé wa, ní abúlé tó wà lẹ́yìn Mọ́níyà: èmi, ọkọ mi tó ń dáko iṣu àti àgbàdo, àti ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ ti lọ sí ìgboro.

Wọ́n ní, “Ó ti dàgbà ni.”

“Ìyá, ọdún mẹ́rin péré ni.”

“Ọdún mẹ́rin ti ológbò, ṣé o mọ iye tó jẹ́ nínú ọdún ènìyàn?”

N kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ológbò sínú agbọ̀n onídèérí, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Mọ́níyà, síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn. Àwọn tó mú ewúrẹ́ àti adìẹ wá ló pọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó fa òbúkọ lọ́wọ́ yọjú wo inú agbọ̀n mi, ó ní, “Ìyá wa, ẹ má bínú o, ṣé èyí náà fẹ́ gba káàdì ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dé ìdérí agbọ̀n padà.

Ọmọbìnrin kan ni dókítà, kò lè ju ọmọ mi àgbà lọ. Ó já òwú díẹ̀, ó gbé e sókè níwájú ológbò, ó jù ú sílẹ̀. Òwú kì í pariwo bó bá ń já bọ́. Ológbò kò mira. Ó tún jù ú láti apá òsì. Níbẹ̀, ológbò yí orí díẹ̀. Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé.

“Kí ló ń jẹ, mà?”

“Ẹ̀kọ.”

“Pẹ̀lú kí ni?”

“Omi ọbẹ̀. Egungun ẹja nígbà mìíràn.”

“Kí ló tún kù?”

“Mílíìkì, tó bá di ọjọ́ Jímọ́ọ̀.”

Ó gbé báírò sílẹ̀. “Mà, ewúrẹ́ lẹ ń sìn yẹn.”

Ó wá là á yé mi. Ó ní ẹran ni Ọlọ́run dá ológbò láti jẹ. Ó ní ajá lè jẹ àmàlà kó ṣe é láǹfààní, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹran àti ẹja tí ojú ológbò àti ọkàn rẹ̀ kò lè ṣe aláìní, kò sì sí nínú ẹ̀kọ, bó ti wù kó jẹ ẹ́ tó. Ó ní kí n máa wá ọkàn adìẹ, ẹran adìẹ, ẹja wẹ́wẹ́, ẹ̀dọ̀ níwọ̀nba. Kí n bọ̀ ọ́ lásán, láìsí iyọ̀, láìsí ata, pàápàá láìsí àlùbọ́sà, nítorí pé àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ egungun tí wọ́n ti sè. Mílíìkì kàn ń da inú rẹ̀ rú ni, omi ló yẹ kó máa mu. Ó ní ojú tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n bí a bá yí oúnjẹ rẹ̀ padà kíákíá, èyí tó kù lè dúró. Bí a kò bá yí i padà, yóò fọ́ pátápátá.

Mo ní, “Gbogbo ológbò abúlé wa, ẹ̀kọ ni wọ́n ń jẹ.”

Ó wò mí. “Kí ni wọ́n tún ń jẹ tí ẹ ò sí níbẹ̀, mà?”

Ìgbà tí mo délé tí mo wọ yàrá tí a ń kó gbọdọ sí ni mo rí èsì náà, ó dúró ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: àgbá oníke mẹ́rin, aláwọ̀ búlúù, tí ìdérí wọn le dan-in.

Èlùbọ́ ni mò ń ṣe. Mo ń bọ iṣu, mo ń sá a, mo ń tọ́jú gbọdọ rẹ̀ di ìgbà tí iṣu bá wọ́n. Inú àpò ni a ń kó o sí tẹ́lẹ̀, àwọn èlírí sì ń bá wa jẹ ẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, a ra àgbá, ọkọ mi da sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ yàrá náà, ó fi òkúta dí ihò abẹ́ ìlẹ̀kùn. Kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró, kò sí èlírí kan mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni ológbò wá ń jẹ. Èmi fúnra mi ló fi ẹ̀kọ kọ́ ọ láti kékeré, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi pé ológbò tó bá yó kì í ṣọdẹ. Nígbà tí ẹran wà lábẹ́ àpò, ẹ̀kọ kò pa á lára. Àwa la kó ẹran kúrò, tí a fi ẹ̀kọ sílẹ̀ fún un.

Mo bá obìnrin tó ń pa adìẹ ní ẹ̀gbẹ́ títì Mọ́níyà sọ̀rọ̀, ó sì ń bá mi tọ́jú ọkàn adìẹ. Mo bọ̀ ọ́, mo gé e wẹ́wẹ́, mo po ẹja ṣáwà kan mọ́ ọn lẹ́yìn tí mo ti yọ egungun rẹ̀ kúrò. Mo gbé e síwájú ológbò. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹyọ méjì, ó sì lọ sùn. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ọjọ́ kẹta, kò tilẹ̀ dìde. Mo ronú títí, mo ní bóyá ọ̀nà tí mo gbà ń gé e ni kò dára.

Ọjọ́ kẹrin ni mo yára jáde síta lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí ẹní ìkírun wọn, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ń fọ́ ẹ̀kọ sínú àwo ológbò. Wọ́n ní, “Bísímílà, jẹun, ẹran tí Ànábì fẹ́ràn.” Wọ́n da omi ọbẹ̀ lé e. Àlùbọ́sà ń léfòó nínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. “Ìyá, ẹ kú àárọ̀ o. Dókítà ní kó má jẹ ẹ̀kọ mọ́.”

“Dókítà ní kí èmi náà má jẹ iyọ̀ mọ́. Ṣé o rí i pé mo kú?”

“Ojú rẹ̀ ni, mà.”

“Ológbò ìyá mi, ẹ̀kọ ló jẹ títí ó fi darúgbó. Orí àjà ló ti ń mú èlírí nínú òkùnkùn birimù-birimù. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á fi ìwé wo ológbò!”

Èsì wà lẹ́nu mi. Wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́: èlírí orí àjà! Ṣùgbọ́n orí ẹní ìkírun ni wọ́n wà, ìyàwó ilé ni mo jẹ́. Mo dìde kúrò níwájú wọn.

Mo ní kí ọkọ mi bá mi bá wọn sọ ọ́. Ó ṣí ìkòkò wò. “Ọkàn adìẹ! Èmi baálé ilé, ìgbà wo lo ti fún mi ní ọkàn adìẹ gbẹ̀yìn?”

“Ìwe adìẹ lẹ ń jẹ. Ẹ̀yin lẹ ní ọkàn kò tó ẹnu àgbà.”

“Mi ò mọ̀ pé ológbò ló tọ́ sí.” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Kí n wá lọ bá ìyá mi, kí n ní wọn ò gbọdọ̀ fún ẹran ní oúnjẹ? Má kó mi sí i.” Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, orí ẹja tó kún fún ata ló jù sílẹ̀ fún ológbò lábẹ́ tábìlì.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n jìjàdù pẹ̀lú àwọn ènìyàn mi. Mo gbé àwo pamọ́. Ìyá ọkọ mi lo ewé ẹ̀kọ dípò àwo. Mo ti ológbò mọ́ ilé ìdáná di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa. Ó ké, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n ní ta ló ti ẹran Ọlọ́run mọ́lé. Mo dín ẹ̀kọ tí mò ń rà kù, ó wá ku ìwọ̀n tí wọ́n máa ń jẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo rí i pé wọ́n ń pín ẹ̀kọ tiwọn sí méjì, wọ́n ń fún ológbò ní ìdajì, wọ́n sì ń mu omi lé ìdajì tó kù. Ojú tì mí. Mo padà ra ẹ̀kọ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n inú bí mi pẹ̀lú, nítorí pé ìfẹ́ náà gan-an ló ń fọ́ ojú ológbò, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bínú sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí a ṣe jọ ń bẹ iṣu, mo sọ ọ́. N kò gbé ojú sókè. Mo ní, “Ìyá, ológbò ìyá yín ń jẹ ẹ̀kọ lójú yín, ó ń jẹ èlírí lẹ́yìn yín. Èlírí ni ẹran rẹ̀. Tiwa ò rí ẹran jẹ mọ́ láti ìgbà tí a ti ra àgbá.”

Ọ̀bẹ wọn dúró lórí iṣu. “Ọdún méjì?”

“Ọdún méjì, mà.”

“Subuhánàlláhì. Ebi ń pa á, ó sì ń wò wá.”

Inú mi dùn gidigidi. Àwa tí a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ tí a bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan ti parí.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo lọ bu gbọdọ tí mo fẹ́ gbé lọ síbi ẹ̀rọ. Ìdérí àgbá méjì wà nílẹ̀. Òkúta tó dí abẹ́ ìlẹ̀kùn ti wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n rọra tò ó. Imí èlírí wà lórí gbọdọ mi bí ẹni pé wọ́n fọ́n ọn síbẹ̀.

Mo ké, “Ta ló ṣí àgbá?”

Ìyá ọkọ mi dé ẹnu ọ̀nà, ojú wọn kò fi ìbẹ̀rù kankan hàn. “Èmi ni. O ní ẹran rẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n padà wá. Wọ́n sì ti dé.”

“Ìyá, kò rí wọn!” Ohùn mi le débi pé ọkọ mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, n kò pariwo mọ́ wọn rí. “Ojú ni kò ní! Kí ló fẹ́ fi mú wọn?”

Ológbò ń lọ sẹ́bàá àgbá. Èlírí kan sáré gba etí àgbá kọjá, kò jìnnà sí imú rẹ̀. Etí ológbò gbọ̀n. Ó na ọwọ́ sí ibi tí èlírí ti kúrò. Ó tún na ọwọ́, afẹ́fẹ́ ló gbá. Èlírí náà tilẹ̀ dúró, ó ń fọ ojú rẹ̀ níbẹ̀.

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ní, “Kò rí i lóòótọ́,” ohùn wọn kéré bí ti ọmọdé.

A da gbọdọ inú àgbá méjèèjì nù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa nílé ìwòsàn nípa oúnjẹ tí èkúté bá ti fi ẹnu kàn, n kò sì lè ta ohun tí n kò lè jẹ. Iṣẹ́ oṣù méjì ni. Ọkọ mi dí abẹ́ ìlẹ̀kùn padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọkàn adìẹ àti ẹja lọ bá wọn lórí ẹní. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ máa fún un.” Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń gbé àwo pamọ́ fún ẹni tó yẹ kí n gbé e lé lọ́wọ́, ojú tó lọ láàárín ìgbà náà kò sì lè padà.

Ó ti di oṣù mẹ́rin báyìí. Dókítà ní ojú náà kò burú sí i. Ìyá ọkọ mi ti gba iṣẹ́ náà pátápátá: mò ń gé ẹran tóbi jù, ẹja mi kò rọ̀ tó, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ológbò. Àtẹ́lẹwọ́ wọn ló ti ń jẹun, imú rẹ̀ ló fi ń wá a.

Ní àná, mo rí nǹkan funfun ní etí àwo.

“Ìyá, ẹ̀kọ wà nínú àwo yìí.”

“Tèmi ló já bọ́ síbẹ̀.”

“Pẹ̀lú omi ọbẹ̀?”

“Ọbẹ̀ náà já bọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka kó o kúrò títí tó fi mọ́. Wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Ológbò fi imú tẹ̀lé ọwọ́ mi lọ, ó fi tẹ̀lé e padà, ó ń dúró de àwo rẹ̀.