Irin Inú Ìró: Bí Mo Ṣe Wá Ẹlẹ́rìí Lọ sí Ilé Iṣẹ́ Bàlúù

Aago mẹ́rin àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí Àlàájì, onílé wa, kan fèrèsé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo ti wọ bàtà tán tipẹ́. Kì í ṣe pé mo yára, oorun ni kò wá. Ìyàwó mi, Ìyá Títí, gbé àpò lé mi lọ́wọ́, ó tún gbà á padà, ó sí i wò lẹ́ẹ̀kẹta. Aṣọ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, gaàrí, Bíbélì, àti irin kan tí mo fi ọ̀kan nínú àwọn ìró rẹ̀ wé bí ọmọ tuntun.

Irin náà ló gbé mi rìn, nítorí náà n ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Injiníà bàlúù ni mí ní Ìkẹjà, láwọn ọdún tí àwọn ọlọ́lá Èkó ń ra bàlúù kéékèèké tara wọn, irú èyí tó ń gbé èèyàn mẹ́jọ, kí wọ́n má baà bá mẹ̀kúnnù tò sórí ìlà. Pínì la ń pe irin yìí. Ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, òun ló so ẹsẹ̀ bàlúù mọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo mú un nínú sítọ́ọ̀ wa, òun nìkan ló kù níbẹ̀, èmi ni mo fi sí bàlúù ọ̀gá wa, èmi náà ni mo fọwọ́ sí ìwé pé ó dára. Lọ́jọ́ kan ni olùyẹ̀wò ìjọba dé, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní orúkọ tí wọ́n lù mọ́ pínì kọ́ ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà nínú ìwé bàlúù. Ayédèrú ni, ó ní. Ó ní kí n yọ ọ́, ó gba láísẹ́ńsì mi, ó sì fún mi ní ọjọ́ mẹ́rìnlá kí n fi mú ẹ̀rí wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n kò ní í fọwọ́ kan bàlúù mọ́. A fi ẹ̀rọ fáàsì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fèsì pé àwọn kò mọ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá wa, tí bàlúù tó dúró sójú kan ń dùn dé egungun, ní kí n gbé irin náà lọ bá wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ físà tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan tí n kò padà lọ.

Ọkọ̀ Àlàájì ló gbé wa lọ sí pápá bàlúù, a gba ọ̀nà Ìpájà nínú òkùnkùn. Àlàájì ń wò mí.

"Injiníà, kí ló dé tí ò ń gbọ̀n báyìí?"

"Àlàájì, ìwé ló ń bá ìwé jà. Àwọn tó ṣe irin yìí gan-an ní àwọn ò mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ lápá kan Ìdímù, kò sí ẹjọ́ ilẹ̀ tí kò tíì gbọ́. "Ṣé o mọ iye ìwé tí wọ́n ti gbé wá bá mi? Ìwé mẹ́ta lórí pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo! Tí ìwé bá ti ń bá ìwé jà, a kì í wo ìwé mọ́. Àgbàlagbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbin pèrègún sí ààlà la máa ń wá lọ. Má bá akọ̀wé wọn jà, jàre. Béèrè ẹni tó pẹ́ jù."

Mo ní mo gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ń bi ara mi léèrè pé ibo ni òyìnbó ti ń gbin pèrègún.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti fẹ́ wọ bàlúù kejì, ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù rí irin mi. Ọlọ́pàá kan tú ìró ìyàwó mi sílẹ̀ lórí tábìlì lójú gbogbo ayé.

"Kí lèyí?"

"Irin ẹsẹ̀ bàlúù ni, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnì kejì, ẹnì kejì pe ẹnì kẹta. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ òtútù ń mú. Níkẹyìn wọ́n ní kò lè bá mi jókòó, wọ́n gbé e lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Títí a fi balẹ̀ sí Niu Yọ́ọ̀kì n kò jẹun. Ohun tí mo ń rò ni pé bí irin yẹn bá sọnù, ayédèrú ni n ó máa jẹ́ títí láé, nítorí kò sí ohun tí n ó fi hàn mọ́. Nígbà tí mo rí àpò mi lórí bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù yípo, díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Bàlúù kékeré ló gbé mi dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí igbó, àfi oko àlìkámà. Dọ́là méjìlélógún ni takisí gbà. Ọ̀nà wọn kò ní kòtò kankan, ọkọ̀ ń sáré débi pé mo di ìjókòó mú. Ara mi ti mọ́ kòtò Ìkòtún tó máa ń sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó rọra. Mo sùn sí ohun tí wọ́n ń pè ní mótẹ́ẹ̀lì, ilé ìtura ẹ̀bá títì tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ ni ọkọ̀ ń dúró sí. Dọ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún òru kan. Oúnjẹ wọn ni ṣílì, ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ sè, dọ́là mẹ́rin àwo kan. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ata rẹ̀ pọ̀. Mo wá ata náà títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Nílé iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ìwé wọn gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọjọ́ méjì ló fi wá inú fáìlì. Ní ọjọ́ kejì ó jáde, ó gbọn orí.

"Ọ̀gbẹ́ni, a ti wá a. Kò sí. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù nínú mẹ́rìnlá mi. Ibi tí ọ̀rọ̀ Àlàájì ti sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, ó jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló pẹ́ jù níbí?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn náà ló rántí obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òdìkejì títì, tó ṣì máa ń wá mu kọfí nílé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Ó pè é lórí fóònù.

Màmá Dórótì lorúkọ rẹ̀. Yóò ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ ṣòkòtò. Mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó tú ìró náà, ó gbé irin sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi èékánná tọ́ òǹtẹ̀ ara rẹ̀. Ìràwọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ orúkọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní dípò márùn-ún.

"Èmi ni mo lu èyí," ó ní. "Olúkúlùkù wa ló ní òǹtẹ̀ tirẹ̀. Tèmi já bọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan ṣẹ́."

Mo jókòó láìgbàyè. Ó wá sọ ìtàn ilé iṣẹ́ náà fún mi. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ń ṣe bàlúù tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko, inú abà ọkà bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ó rí i pé àwọn olówó kò fẹ́ máa dúró de bàlúù èrò, ló bá ní òun yóò ṣe kékeré tí yóò yára bí ti ológun. Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ gbéra, gbogbo òṣìṣẹ́ dúró sínú oko, wọ́n ń sunkún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà owó tán, ó tà á fún ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin. Ìyẹn yí orúkọ ẹnu géètì padà. Òun náà tà á fún báǹkì, báǹkì tà á fún àwọn tó ni ín báyìí. Ẹni tó bá ti dé ń kun géètì, ó sì ń kó fáìlì ẹni tó lọ dà nù. Orúkọ ara irin mi ni orúkọ àkọ́kọ́.

Mo rántí ilẹ̀ àdúgbò wa ní Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ kò fi mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀. Inú mi dùn, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Màmá náà kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣé irin yìí ṣì ń fò?"

"Ó ń fò tẹ́lẹ̀, mà."

"Kò yẹ kó máa fò. Wọn kò fi iná sun ún tó, ó lè ṣẹ́ nígbàkígbà. Ọ̀gá kejì ní kí gbogbo ẹni tó ní tàkọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ra bàlúù nìkan la kọ lẹ́tà sí. A kò mọ ẹni tí wọ́n tà á fún."

Ó kọ ẹ̀rí rẹ̀ sí ìwé méjì, ọ̀dọ́kùnrin yẹn lu òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ sí méjèèjì. Ìkíní ní ojúlówó ni irin náà. Ìkejì ní kí wọ́n má fi fò mọ́. Wọ́n gbà mí láyè kí n pe ọ̀gá wa ní Èkó.

"Káyọ̀dé! Ojúlówó ni àbí ayédèrú?"

"Ojúlówó ni, sà."

"Ọlọ́run ṣeun! Sátidé, bàlúù á fò. N ó sọ fún àwọn àlejò mi báyìí."

Mo la ẹnu láti sọ ìyókù, ẹnu mi kò gbé e. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ojú tì mí níwájú obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá.

Ọ̀nà àbọ̀ le ju àlọ lọ. Mo fi ìwé kejì sínú Bíbélì, mo yọ ọ́, mo fi sápò, mo yọ ọ́, mo fi sínú ìbọ̀sẹ̀. Ìwé kan yóò dá láísẹ́ńsì mi padà, ìwé kejì yóò lé mi níṣẹ́. Bí mo bá sì fi ìkíní nìkan hàn, ta ni yóò mọ̀? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mo ń pa òwe yẹn fún ara mi, kò sì tù mí nínú.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni a balẹ̀. Àlàájì ti ń dúró.

"Ṣé o rí ẹlẹ́rìí?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ fóònù. Kò tíì ṣáná sọ́kọ̀.

"Nígbà tí bàbá mi lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́," ó ní, "ó sọ ibi tí ilẹ̀ wa dé. Ó tún sọ ibi tá a ti jẹ wọ ilẹ̀ ẹlòmíì. A pàdánù pulọ́ọ̀tì méjì. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa bú u títí ó fi kú. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti sọ̀rọ̀ ní Ìdímù, wọn kì í pe ẹlẹ́rìí míì mọ́."

Mo ní kó bá mi yà sí háńgà wa, ilé ńlá tí bàlúù ń sùn sí, kí n tó débi tí ọkàn mi yóò ti yí padà. Ọ̀gá wa wà níbẹ̀, olùyẹ̀wò wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró dè mí. Ìwé méjèèjì ni mo nà sí wọn.

Ọ̀gá wa kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Kí o lè wá pa bàlúù mi ni mo ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ?"

Olùyẹ̀wò dá láísẹ́ńsì mi padà, ó ní irin tí a bá ti dá lẹ́bi, a gbọ́dọ̀ gé e, kí wọ́n má baà tún un tà. Ó wo ayùn, ó wò mí. Mo de irin náà mọ́ tábìlì iṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gé. Oṣù yẹn náà ni iṣẹ́ mi níbẹ̀ parí.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀: ẹni tó bá rìn jìnnà wá ẹlẹ́rìí, kó múra láti gbọ́ gbogbo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́dá gbóná, àwọn ọmọ ti lọ síléèwé. Ìyá Títí kúnlẹ̀ kí mi káàbọ̀, ó gba àpò, ó tú ìró rẹ̀. Ìdajì irin tó ní ìràwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló bá níbẹ̀. Ó wá ìyókù nínú àpò títí.

"Irin tí ẹ tìtorí ẹ̀ lọ Amẹ́ríkà! Ta ló gé e?"

"Èmi ni," mo dá a lóhùn, mo sì wọlé lọ sùn.