Àwọn Ọdẹ Inú Orí Ràsáàkì

Mo fi Ọlọ́run tó dá ahọ́n mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí látòkèdélẹ̀.

Lọ́dún 1979, Ràsáàkì ọ̀rẹ́ mi já bọ́ lórí igi irú ní Ìgbòho. Igi náà ga débi pé ẹyẹ ń sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé orí rẹ̀. Gbòǹgbò ló fi orí sọ. Èmi àti Àpọ́nlé, ìyàwó rẹ̀, gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣakí.

Dókítà ní, “Ìyá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, ń ṣọ́ ọpọlọ bí ọdẹ ṣe ń ṣọ́ àdúgbò. Wọ́n ń na ọwọ́ tíntìntín kiri. Bí ará ilé kan, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, bá fara pa, ohun inú rẹ̀ á dà síta, wọ́n á sì mọ̀. Wọ́n á káwọ́ kò, wọ́n á wú, wọ́n á jẹ èyí tó ti kú.”

Àpọ́nlé gbá àyà mú. “Wọ́n ń jẹ nǹkan nínú orí ọkọ mi? Dókítà, ṣé wọ́n máa ń yó?”

“Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí orí yẹn bá tún gbá nǹkan, inú wọn lè ru jù, kí wọ́n máa na onílé pọ̀ mọ́ olè. Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù kan.”

Àáró ni a ń ṣe lọ́dún náà: bá mi kọ ebè lónìí, kí n bá ọ kọ tìrẹ lọ́la. A ti kọ ti Ràsáàkì tán kó tó ṣubú. Lọ́jọ́ kẹsàn-án tó ṣubú, ó kan oko Ládòkun, ọ̀kan nínú àwa aláàáró.

“Bàbá Sàrátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sílé,” ni Àpọ́nlé ń bẹ̀ ẹ́.

“Kí n jẹ iṣẹ́ ọlọ́mọ tán, kí n wá na ẹsẹ̀ sórí ẹní? Kí ni wọ́n á máa pè mí?”

Àpọ́nlé gbé ọkọ́ rẹ̀ pamọ́. Ràsáàkì yá òmíràn.

Ó kọ ebè méjìlá. Nígbà tó di ìkẹtàlá, kùkùté gbé e ṣubú, iwájú orí rẹ̀ gbá ilẹ̀. Ó dìde jókòó, ó tẹjú mọ́ ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń pe èyí?”

A rò pé ó ń ṣàwàdà. Ládòkun rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún Ràsáàkì rọ, ọkọ́ bọ́. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wa. Mo gbé e pọ̀n, mo sáré dé títì láìsinmi, ibẹ̀ ni mọ́tò ti gbé e padà sí ọsibítù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi sọ̀rọ̀. Àpọ́nlé ń gbé etí lé orí rẹ̀, bóyá yóò gbọ́ ibi tí àwọn ọdẹ yẹn ti ń jẹun. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ràsáàkì lajú.

“Ìyá Sàrátù, ebè mélòó ló kù?”

“Orí yín ló kù, aláìgbọ́ràn!” Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò gbé ọkọ́ mọ́ títí ó fi kú. Lọ́dọọdún, àwa aláàáró ń kọ ebè rẹ̀, òun a sì jókòó sábẹ́ igi, kò ní lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun kékeré kan péré ni mo fi kún un. Èmi kọ́ ni mo pọ̀n ọ́n. Ládòkun ni. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n lè dìde nílẹ̀.